Ẹ Má Sọ fún Ọmọ Pé Ó Rìnrìn Àjò

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi ní Ìkọ̀lé, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé tààrà ní ọjọ́ Ẹtì. Yóò dúró sí ẹ̀bá títì, yóò máa wo àwọn ọkọ̀ tí ń ti Adó bọ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní màmá òun wà ní Èkó, àwọn èrò Èkó sì máa ń wọ̀lú ní ọjọ́ Ẹtì. Mo wá ìyá àgbà rẹ̀ lọ sílé. Màmá náà fà mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó tó wá sọ fún mi pé ọmọ òun ti kú láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, àti pé àwọn àgbà ilé ni wọ́n ní kí wọ́n sọ fún un pé ó rìnrìn àjò. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà nígbà tí à ń wí yìí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi dúró de ọkọ̀. Èmi àti màmá náà jọ sọ òótọ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lórí ẹní. Kò kọ́kọ́ sunkún. Ohun tí ó béèrè ni pé, “Ta wá ni ó ń fi aṣọ Kérésìmesì ránṣẹ́ sí mi?”

N kò pe àwọn àgbà yẹn ní ìkà. Àánú ni ó mú wọn purọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kò ti í ṣe bẹ́ẹ̀: ọmọdé kì í rí òkú, ọmọdé kì í gbọ́ ọ̀fọ̀, bàbá lọ sí Èkó, ìyá lọ gbàtọ́jú. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi kò gba irú àánú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé ọdẹ ni.

Ìpáò ni wọ́n bí mi sí, ní ìhà àríwá Èkìtì, níbi tí igbó ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀dàn. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Òkè-Akò àti Ìrèlé síwájú, kò ní pẹ́ kan ilẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Òkè olókùúta wà níbẹ̀, koríko gíga wà, igbó etí odò sì wà. Ilẹ̀ ẹran ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀yà, ẹtu, ìgalà, àparò àti òkété kò jìnnà sí wa. Bàbá mi ń gbin iṣu, ó ń ṣọdẹ, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ. Àwọn ará ìta ni wọ́n ń rí èyí bí ohun tí kò bára mu. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò bọ́ gbérí ọdẹ, yóò wẹ̀, yóò wọ agbádá, ó tán.

Ọdẹ òru ni ó fẹ́ràn jù. Ìbọn ṣakabùlà ni ó ń lò, iná sì wà ní iwájú orí rẹ̀. Àwa ọmọ kì í bá a lọ lóru. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin, n kì í bá a lọ lọ́sàn-án pàápàá, àfi tí ó bá fẹ́ wo ẹbìtì tí ó dẹ sí etí oko. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọdẹ, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti kọ́ ọ. Mo sì rò pé ẹ̀yìnkùlé gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Nínú igbó, ẹran ń sá, àyà ọdẹ ń lù, kò sí àyè ìrònú fún ẹnikẹ́ni. Ní ẹ̀yìnkùlé, ariwo ti tán, ẹran wà nílẹ̀.

Bàbá mi yóò tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò tẹ́ ẹran lé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ ré e kọjá. Kí ọ̀bẹ tó kàn án, yóò pe gbogbo wa, títí kan àbíkẹ́yìn wa tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. “Ẹ fọwọ́ kàn án.” A óò fọwọ́ kàn án. Bí kò bá tíì pẹ́ tí ó pa á, ara rẹ̀ yóò ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ojú rẹ̀ yóò ṣì máa dán bí ẹni pé ó ń wò wá. Yóò wá rán wa níṣẹ́: ìwọ lọ dáná, ìwọ lọ pọnmi, ìwọ lọ já ewé wá. Nígbà tí a bá padà dé, yóò ní kí a tún fọwọ́ kàn án. Ó ti ń tutù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń le. Dídán ti kúrò lójú rẹ̀. “Ohun tí ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dà?” ni yóò bi wá. A kì í mọ èsì, òun náà kì í sì í sọ ọ́ fún wa. Yóò ṣí fìlà, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, yóò ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gba ẹ̀mí lásán, a óò ṣe àmín, ọ̀bẹ yóò wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti jókòó níwájú ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti ìgbà náà, mo sì ti di olùkọ́ fúnra mi, n kò tíì rí ẹni tí ó fi ìbéèrè kan ṣoṣo kọ́ni tó bẹ́ẹ̀.

Kò fàyè gba kí a fi òkú ẹran ṣeré. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó ń wọ́ ọ káàkiri bí ẹni ń wọ́ mọ́tò agolo. Bàbá mi kò nà án. Ó jókòó tì í, ó ní kí ó bọ́ awọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sè é, kí ó sì jẹ ẹ́ tán títí yóò fi ku eegun. Ó ní ohun tí a bá gba ẹ̀mí rẹ̀, a ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ nídìí rẹ̀, nítorí pé ó ń fi ẹkún jẹ ẹ́ ni.

Bàbá mi ní àwọn òfin tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá rí ẹran tí ń fún ọmọ lọ́mú, kì í yìnbọn sí i. Ṣùgbọ́n òru kì í fi ohun gbogbo hàn. Ní èẹ̀rùn kan tí mo wà ní ìwé kẹrin, ó gbé abo ìgalà kan wálé. Nígbà tí ó la ikùn rẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ ìbí, ó ti ní irun, àmì funfun sì ti wà lára rẹ̀ bíi ti ìyá rẹ̀. Bàbá mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìyá mi ní kí àwa ọmọ kúrò níbẹ̀. Bàbá mi ní kí a dúró. Ó gbẹ́ ihò sí ìdí igi ọsàn, ó fi ewé wé ọmọ ẹran náà, ó sin ín. Mo bi í bóyá yóò lọ sí ọ̀run. Ká ní olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mo bi, kíá ni yóò dáhùn. Bàbá mi ní, “Èmi kò mọ̀. Ẹni tí ó dá a ni ó mọ̀.” Ó gbé ìbọn kọ́ ògiri, kò sì wọ igbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A jẹ ẹran ìyá rẹ̀. Kò dùn lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo ka ibi tí Jésù ti sọ nínú ìwé Mátíù pé ológoṣẹ́ kan kì í ṣubú lulẹ̀ kí Baba má mọ̀, ihò ìdí ọsàn yẹn ni ojú mi lọ bá.

Ó yẹ kí n sọ ti Ògún, nítorí mo mọ̀ pé òǹkàwé yóò ti máa retí rẹ̀. Bàbá mi kì í bá wọn bọ Ògún. Ó ń dáwó ẹgbẹ́ ọdẹ, ó ń lọ sí ìpàdé, ó ń gbé itan ẹran lọ fún olórí ọdẹ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọdún Ògún, oko iṣu ni ẹ ó ti bá a. Àwọn ọdẹ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọn kò sì lé e. Ìjọ ni ó fún un ní wàhálà jù. Oníwàásù àlejò kan wá lọ́jọ́ kan, ó fi Ésáù ṣe àpẹẹrẹ fún wa: ọdẹ ni Ésáù, ó sì ta ogún ìbí rẹ̀, Jékọ́bù tí ó jókòó sílé ni ìbùkún kàn. Gbogbo ojú ìjọ yí sí bàbá mi. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, “Bàbá yẹn gbàgbé pé ẹran ìgbẹ́ ni Ísáákì ní òun fẹ́ jẹ kí òun tó súre. Ewúrẹ́ ilé ni Jékọ́bù fi tàn án.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ibi tí bàbá mi fẹ́ràn jù nínú Bíbélì ni ibi tí Ọlọ́run ti yọ̀ǹda ẹran fún Nóà lẹ́yìn ìkún omi, tí ó sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run yọ ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kí ènìyàn má baà rò pé gbogbo rẹ̀ ni tòun.

Yàtọ̀ sí Bíbélì àti ìwé orin, ìwé kan ṣoṣo tí ó ń kà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938. Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, olùkọ́ ni, onígbàgbọ́ ni, ọdẹ sì ni ó fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Àwọn tí ń sọ pé ọdẹ àti ìgbàgbọ́ kò lè gbé inú ilé kan náà, inú àpò ìwé àwọn ọmọ wọn ni méjèèjì ti jọ ń gbé láti ìgbà náà. Omi ni ó mú Fágúnwà lọ, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Bàbá mi a máa mi orí sí èyí: ọkùnrin tí ó mú wa la irú igbó bẹ́ẹ̀ já, odò ni ikú ti lọ bá a.

Ọdẹ bàbá mi ti ń lọ sópin nígbà tí àwọn ọmọ tèmi dé. Ojú rẹ̀ kò gba òru mọ́. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, tí àwọn ènìyàn ń sá fún ẹran ìgbẹ́, ìyá mi kò rí oníbàárà kan mọ́, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ní oṣù Kẹwàá pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, ẹbìtì díẹ̀ ni ó kù, fún ọbẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó àwọn ọmọ lọ sí Ìpáò fún ìsinmi, tí òkété tàbí ehoro bá kó sí ẹbìtì, yóò tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. “Ẹ fọwọ́ kàn án.” Ọmọkùnrin mi kì í fẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2019, lójú oorun. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Kó àwọn ọmọ yìí lọ sílé aládùúgbò. Sọ fún wọn pé bàbá wọn àgbà lọ gbàtọ́jú ní Adó.” Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ní lè purọ́ fún wọn. Bàbá fúnra wọn kò ní fẹ́ ẹ.” Wọ́n bínú sí mi. Mo ṣáà mú àwọn ọmọ wọlé.

Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ funfun. Ọmọkùnrin mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Àbúrò rẹ̀ lọ tààrà, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá mi, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. “Màámi, wọ́n ti tutù. Bàbá Àgbà ò sí níbẹ̀ mọ́.” Yàrá pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ bú sẹ́kún, wọ́n sì fa ọmọ náà mọ́ra. Ọmọ náà bi wá pé ibo ni wọ́n lọ. Mo ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, pé mo gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo ní ara wọn nìyí, pé a óò sin ín, àti pé Bàbá kò ní padà wá sí ilé yìí mọ́. Mo sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé bí mo bá sọ ti àkọ́kọ́ nìkan, ọ̀run yóò di Èkó mìíràn lójú ọmọ ọdún márùn-ún.

Ìjà gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọdẹ wá ba ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìpà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìpà ni ọdẹ fi ń ya òkú ọdẹ kúrò láàárín àwọn alààyè. Wọn yóò kó ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, àpò rẹ̀ àti àwọn ohun èlò rẹ̀ lọ sí ọ̀nà igbó, wọn yóò sun ìrèmọ̀jé fún un, kí ó lè mọ̀ pé òun kì í ṣe ara ẹgbẹ́ tí ń wọ igbó mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bádé Ajùwọ̀n ti kọ ìwé lórí ìrèmọ̀jé, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè wá a kà. Àlùfáà wa gbọ́, ó ní bí ìpà bá wáyé, ìjọ kò ní sin òkú. Àwọn ọdẹ náà ní bí a kò bá ṣe ìpà, àwọn kò ní lè fi ọkàn balẹ̀ wọ igbó. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín, kò lè jẹun.

Olórí ọdẹ ni ó kọ́kọ́ rọ̀. Ó ní ẹni tí kò bọ Ògún láyé, àwọn kò ní bọ Ògún lé e lórí nígbà tí ó kú. Kò ní sí ajá, kò ní sí ẹbọ, ohùn ẹnu àti ẹ̀wù nìkan ni. Bàbá ìjọ kan tí ó ti dàgbà jù wá sọ pé ohun tí àwọn ọdẹ bá fi ẹnu wọn sọ lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn tí ìsìn bá ti parí, ìbànújẹ́ tiwọn ni. Àlùfáà ní òun kò gbọ́, òun kò sì rí i. Ẹnu mi ń yá láti sọ̀rọ̀ nípa irú “òun kò gbọ́” yìí, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí a rí bàbá wa sin.

Láàárọ̀, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọdẹ dúró níta, ìbọn wọn dojú kọlẹ̀. Ní ibojì, nígbà tí àlùfáà ti sọ erùpẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yìnbọn sókè, gbogbo ẹyẹ orí igi sì fò. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé gbérí àti àpò, wọ́n tò tẹ̀lé e. Èmi àti àwọn ọmọ sìn wọ́n dé ilé tí ó kẹ́yìn ìlú, a dúró síbẹ̀. A ń gbọ́ ohùn wọn láti inú òkùnkùn. Ọmọkùnrin mi ní, “Ṣé àdúrà ni wọ́n ń gbà?” Mo ní wọ́n ń dágbére fún Bàbá ni. Ó ní, “Pásítọ̀ náà ti dágbére fún wọn láàárọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àlùfáà ní a óò tún pàdé, àwọn ọdẹ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má padà wá bá àwọn nínú igbó. Èmi kò lè sọ méjèèjì di ọ̀kan, n kò sì gbìyànjú rẹ̀ níwájú ọmọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó sọ fún ọmọ mi pé Bàbá Àgbà rìnrìn àjò. Nígbà tí ẹnì kan sọ fún un lọ́jọ́ kejì pé ọkùnrin kì í sunkún, mo ṣí ìwé Jòhánù fún un, níbi tí Jésù ti sunkún nítorí Lásárù, bó tilẹ̀ mọ̀ pé òun fẹ́ jí i.

Láti ìgbà náà, igbó wa ti yí padà. Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, nínú àwọn ọdẹ tí ó dúró síbi ibojì bàbá mi, àwọn kan wọ̀ ọ́. Ènìyàn ni wọ́n ń ṣọ́ nínú igbó báyìí, kì í ṣe ẹran. Ní 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn yìnbọn pa ọba Èkìtì méjì lójú ọ̀nà ìhà tiwa níhìn-ín, ọba kẹta sì rí orí kó yọ. Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré-Èkìtì. Àwa olùkọ́ kò sùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn títí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kó ẹbìtì gbogbo wálé. Ọmọ kankan nínú ilé wa kò tún dé etí igbó mọ́.

Ọmọbìnrin mi gbọ́ ìròyìn náà nínú rédíò bí gbogbo wa ṣe gbọ́ ọ. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ó dákẹ́ títí a fi jẹun alẹ́ tán, ó wá bi mí pé, “Màámi, àwọn tó pa àwọn kábíyèsí yẹn, ṣé wọ́n dúró fọwọ́ kàn wọ́n?” Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀, pé sísá ni wọ́n sá lọ. Ó ní, “Mo mọ̀.”

Adìyẹ ni ó kù fún wa báyìí. Àwọn aládùúgbò mi ní Ìkọ̀lé ń ra adìyẹ dídì, tàbí kí wọ́n sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn pa á níbi tí ọmọ kò ti ní rí i. Òbí kan tilẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, pé kí ni mo ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ikú ṣe. Mo ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni a wà, àfi bí ẹ bá mọ ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jíǹde láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kú. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí kíláàsì mìíràn.

Ní Kérésìmesì ọdún 2024, a ra àkùkọ kan. Ọmọkùnrin mi, tí ohùn rẹ̀ ti ń kẹ̀, ni ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo fi ọ̀bẹ ṣe ohun tí ó yẹ. Àbúrò rẹ̀ sì ti tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kí n tó rán an. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní kí ó lọ gbé omi gbígbóná wá kí a lè tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ dúró ná.” Ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni òun náà kúnlẹ̀, tí ó na ọwọ́ sí i. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó gbẹ lórí iná kí wọ́n tó dìde.